Tòlótòló Nọẹ́lì Orogún Mi

Bí mo bá rí ẹni tó ń fi ṣóńṣó ọ̀bẹ gún itan tòlótòló, orogún mi ni mo máa ń rántí. Ilé òyìnbó kan ní Àjàṣẹ́ ló ti kọ́ oúnjẹ sísè kí bàálé wa tó fẹ́ ẹ wá sí Sakété, nígbà tí òmìnira ilẹ̀ wa ṣì jẹ́ tuntun.

Lọ́jọ́ Nọẹ́lì, á fi ọ̀bẹ gún itan tòlótòló tó ń sun; bí omi pupa bá yọ níbẹ̀, á dá ẹran padà sórí iná. “Kò tíì jinná, ìyálé mi. Kí wọ́n mú sùúrù.” Àwọn àlejò Nọẹ́lì á sì mú sùúrù! Èmi tí mo ti ń dáná nílé yẹn fún ọdún mẹ́jọ, ta ló mú sùúrù fún mi rí?

Lọ́dún kan, ó fẹ́ lọ kí ìyá rẹ̀ ní Pobè. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé ọbẹ̀ ẹran tó kù kaná nírọ̀lẹ́ àti láàárọ̀ ọ̀la.”

Mo ní mo gbọ́. Mo kàn dé e pa ni, n kò gbé e kaná. Mo fẹ́ kó bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Nígbà tó dé lọ́jọ́ kejì, ó ṣí ìkòkò. Ọbẹ̀ ti kan, ìfófòó ti bò ó lójú nínú ìkòkò. Ó wò mí. Bàálé wa bi í pé kí ló dé.

“Èmi ni mo gbàgbé,” ló wí, ó sì da gbogbo rẹ̀ nù kí ọmọ kankan tó fẹnu kàn án.

Mo ti kọ́ bí a ṣe ń gún itan tòlótòló. Ìdáhùn yẹn tó fi bo àṣírí mi ni mo ṣì ń jowú rẹ̀.