Àpótí Tíṣà Wa

"Tún un ṣe!" Ohùn tíṣà wa nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Òdìgbò kò tíì kúrò létí mi. Lọ́jọ́ tó rí ẹyẹ tí mo fi igi gbẹ́ lọ́wọ́ mi, ó dá a sí méjì. Ó ní iṣẹ́ olódo nìyẹn.

Lẹ́ni àádọ́ta ọdún, ọkùnrin yìí kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ó di káfíńtà ní Òrè. Ó wá ń sọ fáyé gbọ́ pé kò sóhun tó dùn bí iṣẹ́ ọwọ́. Ojú ò tiẹ̀ tì í!

Lánàá, ó gbé àpótí ìjókòó kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. "Ọmọ mi, wo iṣẹ́ ọwọ́ mi."

Mo jókòó lé e. Ó ń mì bí eyín arúgbó. Mo dìde, mo gbé e lé e lọ́wọ́.

"Ẹ tún un ṣe, sà."