Ẹyẹ Tó Ṣí Agboòrùn

Ẹni tó bá mọ Bàbá Alágboòrùn mọ̀ pé ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Bó ti ń fi ẹ̀mú tọ́ irin agboòrùn tó wọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tóóró, bẹ́ẹ̀ ló ń pa oníbàárà lẹ́rìn-ín. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, yóò tilẹ̀kùn, yóò fa ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ dé etí àbàtà ẹ̀yìn ilé. Ojú ìyàwó yìí ti fọ́. Kó tó fọ́, kò sí ẹyẹ omi tí kò dá mọ̀. Ní báyìí, ọkọ ni í máa ròyìn, aya ni í máa sọ irú ẹyẹ tó jẹ́.

“Ó funfun, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn.”

“Ọ̀pọ̀ wọn ló funfun, Bàbá. Àgógó ńkọ́?”

“Dúdú. Ẹsẹ̀ dúdú, àmọ́ ìka rẹ̀ yẹ́lò, bí ẹni wọ ìbọ̀sẹ̀.”

“Kì í ṣe lékeléke tó ń tẹ̀ lé màlúù nìyẹn. Àgógó tìyẹn yẹ́lò. Ìbátan rẹ̀ tó ń pẹja lẹ rí.”

Lọ́jọ́ kan tí ẹyẹ kankan kò wá, Bàbá fi àwàdà dá ọ̀kan sílẹ̀: ó ní lékeléke ńlá kan ń fò kọjá, ó na ọrùn gbọọrọ.

“Lékeléke kì í na ọrùn fò,” ni ìyàwó wí. “Kíká ló máa ń ká a. Ojú yín ni mo fi ń ríran. Bẹ́ ẹ bá tún parọ́ fún mi, n ò ní bá yín wá síbí mọ́.”

Kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà gún Bàbá dé egungun. Àràárọ̀ ló ń kúnlẹ̀ tọrọ ìmọ́lẹ̀ fún ojú yẹn. Ó gbà pé Ọlọ́run ń gbọ́, àmọ́ bó bá ṣe àmín tán, a máa pẹ́ díẹ̀ lórí orúnkún, bí ẹni tó kanlẹ̀kùn tí a kò dá lóhùn.

Lọ́jọ́ kejì, ẹyẹ kan bà sínú omi tí kò jìn, ó dúdú bí èédú. Ó rìn díẹ̀, ó tẹrí ba, ó sì na ìyẹ́ apá méjèèjì yí orí ká, wọ́n pàdé níwájú láìku àlàfo. Bàbá lanu. Ó ti tún agboòrùn ṣe títí irun rẹ̀ fi funfun, kò rí èyí tó ṣí gún régé tó báyìí rí.

“Kí lẹ rí? Ẹ dákẹ́ jù.”

Bó bá sọ ọ́, irọ́ ni ìyàwó yóò pè é. Bí kò bá sì sọ ọ́, irọ́ náà ni.

“Ìyàwó mi, ẹyẹ kan ló ṣí agboòrùn.”

Ó fa ọwọ́ rẹ̀ yọ lọ́wọ́ ọkọ. “Ẹ tún ti dé.”

“Ó ti pa á dé. Ó gbẹ́sẹ̀. Ó tún ti ṣí i.” Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìyàwó kò gbọ́ irú ohùn yẹn nínú àwàdà rẹ̀ rí.

“Ó dúdú látòkè délẹ̀?”

“Àfi ìka ẹsẹ̀. Yẹ́lò ni.”

Ìyàwó jókòó sórí koríko. “Bàbá tó bí mi sọ ọ́ fún mi ní kékeré. Mo wá a títí, n ò rí i. Omi tó ń dán ni kì í jẹ́ kó rí ẹja dáadáa. Ó ń ṣe òkùnkùn fúnra rẹ̀ kó lè ríran ni.”

Ìmọ́lẹ̀ ni Bàbá ti ń tọrọ látọjọ́ yìí. Ta ló kọ́ ẹyẹ yìí pé òkùnkùn la fi ń ríran? Kò mọ̀ bóyá èsì àdúrà rẹ̀ nìyẹn, tàbí ẹyẹ lásán tó ń wá oúnjẹ. Ó ṣáà ṣí fìlà.

Ìyàwó fọwọ́ tálẹ̀ kiri lórí koríko títí ó fi rí ọwọ́ ọkọ rẹ̀ dì mú.

“Ó ti rí ẹja?”

“Ó ń gbé nǹkan mì.”

“Ẹ má sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ máa bá mi wò ó.”