Tẹlifíṣọ̀n Tí Mo Fi Etí Yàn

Nígbà tí mo sọ fún ọmọ mi obìnrin lórí fóònù pé mò ń lọ sí Babbar Kasuwa, ọjà ńlá Sókótó, láti ra tẹlifíṣọ̀n, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ku oṣù kan kí n lọ bá a ní Kánádà, kí n sì máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má kó nǹkan kan dání ju aṣọ mi, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi àti èlùbọ́ díẹ̀ lọ.

"Mọ́mì," ó ní, "tẹlifíṣọ̀n mẹ́ta ló wà nínú ilé yìí. Ṣé ẹ fẹ́ rù ú wá ni?"

Mo ní kì í ṣe tèmi, ti Hajiya aládùúgbò wa ni. Kò ṣàwàdà mọ́. Ó kàn ní, "Ẹ ra èyí tó dáa." Òun náà mọ ilé tí òun ti jókòó wo tẹlifíṣọ̀n dàgbà.

N ó sọ bó ṣe rí, nítorí ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń gbé e mì. Ọkọ mi kú mọ́ wa lọ́wọ́ ní Sókótó, nínú ilé tí a gbà ní àdúgbò Gawon Nama. Agùnbánirọ̀ ni mo bá dé ìlú náà, iṣẹ́ olùkọ́ ló dá mi dúró. A gbé òkú rẹ̀ lọ sí Ọ̀yọ́, a sin ín. N kò tíì padà sí Sókótó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi gbé ọkọ̀ akẹ́rù kékeré dé. Ó yẹ kí n máa pè é ní "wọ́n", nítorí ó dàgbà jù mí lọ dáadáa, ṣùgbọ́n èmi ni mo ń kọ èyí, n kò sì ní í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní ohun tí àbúrò òun bá fi owó rà, ti ìdílé ni. Ó kó àga, ó kó rédíò, ó kó ẹ̀rọ ìránṣọ tí mo fi owó oṣù mi rà. Àwọn ọmọ mi méjèèjì jókòó lórí ẹní, wọ́n ń wo eré ọmọdé. Ọkùnrin náà na ọwọ́ sí ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, ó fa wáyà rẹ̀ yọ, kò tilẹ̀ kọ́kọ́ pa á. Àwòrán náà sún kì títí tó fi di ẹyọ funfun kékeré kan láàárín, ó sì kú. Ó gbé e kọjá lórí àwọn ọmọ náà bí ẹni pé adìyẹ ni wọ́n.

Àwọn ará wa tó wà ní Sókótó wá kí mi. Wọ́n ní kí n fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run, wọ́n sì jẹ ìrẹsì mi kí wọ́n tó lọ. Obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá iléèwé wa ní kí n yé fajú ro, pé mo ṣì lè fẹ́ ẹlòmíràn. N kò gbàgbé ìyẹn náà.

Hajiya ni aládùúgbò tí ògiri pààlà láàárín wa. Ó wà ní ilé-ọkọ tí obìnrin kì í ti í jáde, bíi ti ọ̀pọ̀ ìyàwó ilé ní àdúgbò náà, a kò sì tíì sọ ju "sannu" lọ. Ó rán ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ sí mi pẹ̀lú igbá fúrà, ó ní kí àwọn ọmọ mi máa bọ̀ wá wo tẹlifíṣọ̀n ní ìrọ̀lẹ́. Kí oṣù náà tó parí, ọkọ rẹ̀ pe bíríkìlà, ó ní kó lu ilẹ̀kùn kékeré kan sára ògiri náà, kí èmi má baà máa gba títì yí ká, kí ìyàwó òun má sì jáde. Kò sí ẹni tó sọ fún wọn pé kí wọ́n ṣe é. Ẹni tó bá mi tan ló kó mi lẹ́rù. Ẹni tí n kò mọ̀ rí ló lu ògiri ilé rẹ̀ nítorí mi.

Fíìmù Íńdíà ni Hajiya fẹ́ràn. Láyé ìgbà yẹn, èdè Íńdíà ni wọ́n ń sọ nínú rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ń kọ sí ìsàlẹ̀. Hajiya kò gbọ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì. Èmi ni mo ń ka Gẹ̀ẹ́sì náà tí mo ń sọ ọ́ ní Haúsá fún un. Mo jẹ́wọ́ pé n kì í ṣe ògbufọ̀ olóòótọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí fíìmù kan tí kò ní ẹ̀gbọ́n bàbá tó ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ opó. Bí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ bá ti yọjú, àrùn ni mo máa ń fi ṣe é.

"Malama," Hajiya á ní, bí Haúsá ṣe ń pe olùkọ́ obìnrin, "ṣé kì í ṣe ọkùnrin yìí lo ní dókítà sọ pé ọjọ́ mẹ́ta ló kù fún?"

"Òun ni."

"Kí ló dé tó ń jó?"

"Ó ń dágbére ni."

Á rẹ́rìn-ín títí á fi fi ìborùn nu ojú. Mo rò pé ó mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ọkọ rẹ̀ lọ sọ́run, àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ lọ sílé ọkọ, àwọn tèmi lọ sókè òkun. Nígbà tó yá, ojú Hajiya bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Dókítà ní a ti pẹ́ jù, pé iṣẹ́ abẹ kò lè ràn án lọ́wọ́ mọ́. Ní àkókò yìí, wọ́n ti ń fi Haúsá sọ ọ̀rọ̀ inú àwọn fíìmù náà, kò nílò ògbufọ̀. Ojú ló nílò. Mo wá ń sọ fún un pé ọmọbìnrin náà wọ aṣọ pupa, pé ọlọ́pàá wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ tó ń gbé iwájú ilé, nọ́ọ̀sì ni, kì í dé títí ilẹ̀ á fi ṣú. Lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́, èmi àti tẹlifíṣọ̀n nìkan ni Hajiya ní. Nínú ooru ọdún yìí, tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ tó ní gẹ̀gẹ̀ lẹ́yìn, tí ohùn rẹ̀ ń dún bí ti oníwàásù, bàjẹ́ pátápátá. Èmi náà sì ń lọ. Ohun tí kò jẹ́ kí n lè di ẹrù mi nìyẹn: báwo ni Hajiya yóò ṣe máa jókòó nínú yàrá yẹn ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, kò ríran, kò sì sí ohùn kankan.

Ọmọ Ìlọrin ló ni ìsọ̀ tí mo wọ̀ ní Babbar Kasuwa. Wọ́n to tẹlifíṣọ̀n sára ògiri láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Mo nawọ́ sí èyí tó tóbi jù.

"Ìyá, ṣé pálọ̀ yín gba èyí?"

"Kò kàn ọ́."

"Ẹ má bínú. Mo ní kó má lọ dí ojú fèrèsé ni."

Ó tàn án, ẹja aláràbarà bẹ̀rẹ̀ sí í lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Èmi kò rí ẹja. Ọwọ́ kan ni mo rí, tó ń fa wáyà yọ. Mo ní kí ọmọ Ìlọrin náà ya fọ́tò mi pẹ̀lú rẹ̀. Mo dúró tì í bí ìyàwó tuntun, mo sì fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí ọkọ mi lórí WhatsApp, níbi tí n kì í ti í sọ̀rọ̀ rárá. N kò tíì délé tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi fi fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ síbẹ̀. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ohùn rẹ̀ sì ti ń gbọ̀n.

"Ìyàwó, o kú oríire. Ó tóbi, ó dára. Wọ́n ní o ń lọ sí òkè òkun. Ta lo máa wá fi í sílẹ̀ fún?"

Mo tún un gbọ́ kí n lè gbádùn rẹ̀ dáadáa. Mo wá kọ ọ́ sí i pé: "Ẹ máa wo èyí tí ẹ gbé lọ."

A gbé e sí yàrá Hajiya. Ó fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n láti igun dé igun.

"Malama, ilẹ̀kùn lo rà fún mi?"

A tan fíìmù. Ohùn tó jáde rí tín-ín-rín, ẹ̀yìn ló gbà jáde, ògiri ló ń bá sọ̀rọ̀. Mo mú un lọ sókè títí dé òpin, ó wá ń han bí agolo.

"Kí ló sọ?" Hajiya bi mí. Mo sọ fún un. "Obìnrin yẹn ńkọ́, kí ló sọ?" Mo tún sọ fún un. Nígbà tó bi mí lẹ́ẹ̀karùn-ún, ó rọra fi ọwọ́ lé orúnkún mi.

"Ó dára gan-an," ó ní. "Àwọn tó bá wá kí mi á gbádùn rẹ̀."

Mo jókòó síbẹ̀, ojú tì mí. Ẹni tí mo ra tẹlifíṣọ̀n náà fún wà ní Ọ̀yọ́. Mo rà á láti fi gún un lójú, mo sì wá gbé e ka iwájú obìnrin tí kò lè rí i.

Ní ọjọ́ kejì, mo gbé e padà nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá, mo fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú ní gbogbo kòtò tó wà lójú ọ̀nà.

"Ìyá, kí ló ṣe é?"

"Kò lóhùn."

"Tẹlifíṣọ̀n ni, Ìyá, kì í ṣe olórin."

Mo ní kó tan gbogbo àwọn tó kù, lọ́kọ̀ọ̀kan, kó fi wọ́n sí ibi tí ènìyàn ti ń sọ̀rọ̀, kí ó má jẹ́ orin. Mo wá gbé àga, mo kọ ẹ̀yìn sí wọn, mo di ojú.

"Ìyá, ẹ̀yìn lẹ kọ sí ọjà."

"Mo mọ̀. Tan án."

Àwọn tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wá wòran. Bàbá Haúsá kan bi í léèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó sì dá a lóhùn pé etí ni ìyá òun fi ń wo tẹlifíṣọ̀n. Bàbá náà ní "Ikon Allah", agbára Ọlọ́run, ó sì fa àpótí kan, ó jókòó láti gbọ́ tirẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ ń pariwo lásán. Èkejì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó fi aṣọ bo ẹnu. N kò fẹ́ ariwo. Mo fẹ́ gbọ́ ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ní ìgbà kẹfà, ọkùnrin kan sọ nínú fíìmù pé òun kò sùn lánàá, mo sì gbọ́ ọ bí ẹni pé ó jókòó tì mí.

"Wannan," ni bàbá Haúsá náà wí kí n tó la ẹnu: èyí ni.

Mo yíjú. Kékeré ni, ìsàlẹ̀ lórí ilẹ̀ ló wà, ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn, iwájú sì ni ohùn ń gbà jáde. Ọmọ Ìlọrin ní ó pẹ́ tó ti wà níbẹ̀, àwọn ènìyàn kò fẹ́ràn ojú rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, lẹ́yìn ìrun, oòrùn ṣì wà lára ògiri àgbàlá nígbà tí a tan án. Hajiya gbé orí rẹ̀ sókè. Nínú fíìmù náà, obìnrin kan ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ nínú ilé ìdáná. Mo la ẹnu láti sọ fún un pé ẹnìkan ń yọ́ bọ̀ lẹ́yìn wọn.

"Dákẹ́, Malama," ó ní. "Jẹ́ kí n gbọ́ ohun tó ń sọ."

Mo pa ẹnu dé. Ó dùn mí díẹ̀, n kò ní í purọ́. Lẹ́yìn náà mo fi ẹ̀yìn ti àga. N kò rántí ìgbà tí mo wo fíìmù kẹ́yìn láìṣiṣẹ́. Ọkàn mi lọ sí àpótí ẹrù mi, sí aṣọ òtútù tí ọmọ mi ní kí n má rà níbí. Nígbà tí mo padà sí fíìmù náà, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan ti wọlé, gbogbo ilé sì dìde fún un.

"Hajiya, ta nìyí?"

"Bàbá ọkọ rẹ̀ ni," ó ní, kò yíjú sí mi. "Òun ló wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan. Ìwọ kò gbọ́ ni?"