Abọ́ Tó Dojú Délẹ̀ ní Bódìjà

Ẹ̀gbẹ́ abọ́ obìnrin kan ní ọjà Bódìjà ni mo ti kọ́ ohun tí mo mọ̀ nípa akàn. Agbowó ni mò ń gbé nígbà náà, ní apá ìparí àwọn ọdún 1980. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, mo máa ń yà sọ́dọ̀ wọn, kì í ṣe láti rà, láti wò ni. Ìdérí ikùn akọ tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìka, ti abo fẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bo gbogbo ikùn. Ẹyin tí abo ń gbé sábẹ́ ikùn a kọ́kọ́ pọ́n bí ọsàn. Bó bá kù díẹ̀ kó pa, a di dúdú.

Ìyá alákàn ni gbogbo ọjà ń pè wọ́n. Ìlú kan létí òkun, níhà Ìlàjẹ, ni wọ́n ti wá. Lọ́dọọdún, ní àsìkò ẹyin, àwọn àgbà ìlú náà a ta màrìwò sí ẹnu odò. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dẹ ìgèrè fún akàn títí wọn yóò fi já a. Awakọ̀ tó ń kó akàn wá sí Ìbàdàn ló ń mú ìròyìn náà wá. Bí Ìyá alákàn bá ti gbọ́, wọn a ṣan abọ́ ńlá wọn, wọn a dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí àtẹ, wọn a máa ta ata gígún àti iyọ̀.

Lọ́dún kan, akàn láti omi ibòmíràn kún ọjà. Obìnrin olóúnjẹ kan ní Agbowó, tó máa ń ra ìdajì ẹrù wọn, wá ní kí wọ́n gbà lára rẹ̀ tà fún òun, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun á wá ẹlòmíràn.

Ó ní, “Ìlàjẹ ni màrìwò wà, Ìyá alákàn. Àbí odò yín ń ṣàn gba Bódìjà kọjá?”

Ìyá alákàn rẹ́rìn-ín. “Oníbàárà mi, akàn kì í sọ odò tó ti wá. Bí ẹni tó ti ilé wá bá rí i lórí àtẹ mi, á lọ sọ pé wọ́n ti ń jẹ akàn wa n'Ìbàdàn. Ta ló máa fi ìgèrè sílẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn?”

Obìnrin náà bínú lọ. Èrè ata kò lè bọ́ ilé Ìyá alákàn, oníbàárà yìí ló sì ń gbé ọjà wọn ró. Síbẹ̀, ní àràárọ̀, wọn a nu eruku kúrò lẹ́yìn abọ́ náà.

Nígbà tí àwọn àgbà já màrìwò, awakọ̀ gbé apẹ̀rẹ̀ dé. Mo yí àwọn akàn náà wò: wọ́n wúwo, kò sì sí ẹyin lábẹ́ ọ̀kankan. Awakọ̀ ní àwọn ọ̀dọ́ kan ti fẹ́ wọ odò ṣáájú àkókò, wọ́n ní Ìbàdàn ti ń jẹ akàn. Àwọn àgbà bá bi òun léèrè ohun tí òun rí.

“Mo ní abọ́ yín dojú délẹ̀,” ni awakọ̀ wí. “Àwọn ọ̀dọ́ náà bá kó ìgèrè wọn padà sílé.”

Ìyá alákàn ṣí abọ́ náà sókè.

Oníbàárà wọn kò wá lọ́jọ́ náà, kò wá lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó yọjú, ó wo inú abọ́ fún ìgbà díẹ̀.

“Odò ti ṣí nìyẹn?”

“Ó ti ṣí.”

Ó yí akàn kan dojú sókè, ó wo ikùn rẹ̀. Wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọjà.