Èmi Ló Kàn

Ọdún tí ọkọ mi kú ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wa kòròpé rẹ̀ ní ibùdókọ̀ kékeré kan ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, Òṣogbo, níbi tí àwọn tó wá wo odò ti ń wọkọ̀ padà sílé. Òfin ibẹ̀ ò ṣòro: ọkọ̀ tó bá wà níwájú ló máa kọ́kọ́ kó èrò, tẹ̀yìn ò sì gbọdọ̀ kó títí onítọ̀hún á fi lọ.

Ṣùgbọ́n tó bá ti kàn mí, alága ibẹ̀ á ní, "Màmá, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀. Obìnrin tó ń wakọ̀ ń ba àwọn àlejò lẹ́rù." Èmi náà á sì sún. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń sún fún oṣù mẹ́ta, tí mò ń wa ọkọ̀ òfìfo padà sílé ní Ìbòkun. Kò síṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ mi. Inú bí mi sí wọn, ó sì tún bí mi sí ara mi jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, alága tún sọ ọ́. Mo pa ẹ́ńjìnnì, mo yọ kọ́kọ́rọ́, mo tì í bọ àyà. Ọkọ̀ mi dí ẹnu ọ̀nà pátápátá.

"Èmi ló kàn," mo ní.

"Màmá, ta ló máa wọ̀ ọ́?"

"Tí kò bá sẹ́ni tó wọ̀ ọ́, gbogbo wa á jọ sun ibí."

Àwọn awakọ̀ ń fun fèrè. Ọ̀kan ní kí n lọ dáná. Mo ní mo ti dáná kí n tó jáde, òun ńkọ́, kí ló ti ṣe láti àárọ̀? Oòrùn ń mú, èrò ń pọ̀, ẹnikẹ́ni ò wọlé. Mo di ìdarí ọkọ̀ mú gírígírí.

Ìyá arúgbó kan, ará Iléṣà, tó gbé kẹ́ẹ̀gì omi odò dání, bá dìde. Ó ṣí ilẹ̀kùn iwájú, ó jókòó tì mí.

"Ùwọ ọmọ yìí, ṣé o mọ̀ ọ́n wà?"

"Mo mọ̀ ọ́n, mà."

"Ó dáa. Ulé ni mò ń lọ."

Nígbà tí àwọn yòókù rí i, wọ́n wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Alága yà fún wa.

Nígbà tí a dé Iléṣà, mo bá ìyá náà sọ kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ kalẹ̀. Ó di apá mi mú.

"Ẹ̀rù ló bà mí láti Òṣogbo títí dé ìhín," ó ní. "Ojú mi ni mo dì. Bí mo bá tún lọ sódò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, tìrẹ náà ni n óò wọ̀."