Àrà Tí Ìyá Alábẹ́rẹ́ Dá Sí Àrán Pupa

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Alábẹ́rẹ́. Ṣọ́ọ̀bù wọn ni mo ti kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, ibẹ̀ náà ni mo ti mọ ohun tó ń jẹ́ àrà. Oníjó á dárà, agbábọ́ọ̀lù á dárà, gbogbo ayé ló ń lo ọ̀rọ̀ yìí bó ṣe wù wọ́n. Bí oníbàárà bá sì wọlé tó ní, "Màmá, ẹ dárà sí i fún mi o," ìlẹ̀kẹ̀ tí à ń rán mọ́ aṣọ ló ń wí.

Ìyá Alábẹ́rẹ́ á bú sẹ́rìn-ín. "Ìyẹn ọ̀ṣọ́ ni. Ẹni tí aṣọ tó, kí ló fẹ́ fi àrà ṣe?"

Àwàdà lásán ni mo pè é, títí ìyàwó ojú ọ̀nà kan fi gbé àrán pupa wá. Ìyá rẹ̀ ló rà á pamọ́ dè é kó tó kú. Irú rẹ̀ ò sí lọ́jà mọ́.

Àrán ní irun. Bí o bá fọwọ́ pa á wálẹ̀, á máa dán. Bí o bá pa á sókè, á ṣú. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ègé rẹ̀ fi gbọ́dọ̀ kọjú síbì kan náà. Ṣùgbọ́n ojú Ìyá Alábẹ́rẹ́ ti ń ṣe bàìbàì, wọn ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Ìgbà tí a gbé aṣọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé la rí i pé wọ́n ti gé apá kan iwájú rẹ̀ sódì. Ọ̀tún ń dán, òsì dúdú bí ẹni pé omi dà sí i. Omi tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Wọ́n jókòó, wọ́n na sísọ́ọ̀sì wọn sí mi. "Gbà. Ó ti di tìẹ. Mi ò ránṣọ mọ́."

Nígbà tí ìyàwó dé láti wá dán aṣọ wò, wọn ò purọ́ fún un. "Ọmọ mi, má bínú. Mo ti ba aṣọ tí ìyá ẹ fi sílẹ̀ jẹ́."

Ọmọ náà ń fọwọ́ pa àrán náà sókè sódò, omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá gbà kọjá á dán, á tún ṣú. Ìyá Alábẹ́rẹ́ tẹjú mọ́ ọwọ́ yẹn.

"Dúró ná. Ṣé o lè fi ìrù aṣọ yìí sílẹ̀, èyí tó ń wọ́ nílẹ̀?"

"Ẹ gé e, mà. Kí n ṣáà ti rí i wọ̀."

A tú iwájú aṣọ náà palẹ̀. Ẹnu wọn ló ń darí, ọwọ́ mi ló ń gé e ní tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́. A rán èyí tó ń dán mọ́ èyí tó ṣú, a sì fi ìrù aṣọ dí ibi tí kò tó. Nígbà tí ìyàwó wọ̀ ọ́ tó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ìmọ́lẹ̀ ń ṣàn lára rẹ̀ láti ọrùn dé ẹsẹ̀.

Ó kúnlẹ̀. "Ẹ ṣeun, mà. Màmá mi gan-an ò mọ̀ pé aṣọ àwọn lè ṣe báyìí."

Ìyá Alábẹ́rẹ́ nu ojú wọn, wọ́n yíjú sí mi. "Ìwọ, sísọ́ọ̀sì mi dà? Àbí o ti tà á?" Mo sáré gbé e fún wọn. Wọ́n wá na abẹ́rẹ́ sí mi, ohùn wọn rọlẹ̀. "Bá mi ti òwú bọ̀ ọ́. Mi ò rí ihò ẹ̀ mọ́."

Ọjọ́ náà ni wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ síta. Láti ìgbà náà, èmi ni mò ń ti òwú bọ abẹ́rẹ́ fún wọn láràárọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé wọ́n ṣì ń pè mí.