Oríkì Mi Tó Wà Nínú Kọ̀ǹpútà

Sátidé tí mo tún kọ̀ǹpútà wa ṣe nílé wa ní Attécoubé, ní Abidjan, kò lè kúrò lọ́kàn mi. Fáírọ́ọ̀sì ti bà á jẹ́. Mo ki sídíì àtúnṣe bọ̀ ọ́, àmọ́ ẹ̀ẹ̀mẹta ló dá dúró lágbedeméjì, tó kọ “erreur”, àṣìṣe lédè Faransé. Inú bí mi, mo ní kó pa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́, kó bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ó ṣiṣẹ́. Mo ń yọ̀ lọ́wọ́ ni bàbá mi wọlé.

“Ohùn ìyá rẹ ńkọ́?”

Ọkàn mi já. Kí ìyá mi tó kú, ó ki oríkì mi sínú kọ̀ǹpútà yẹn. N kò há a sórí, torí mo mọ ibi tó wà.

Bàbá ò bá mi wí. Ó gbìyànjú láti kì mí. “Àbẹ̀kẹ́,” ó ní, ó sì dákẹ́. Kò mọ èyí tó kàn, èmi náà ò mọ̀ ọ́n.